Wọ́n Ní Kí N San ₦90,000 Tí Alert Rẹ̀ Kò Wọlé: Ṣé Èmi Ni Mo Jẹ Gbèsè Náà?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, ìdí POS ni mo ń jókòó sí ní Dutse Alhaji, níbí ní Àbújá. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi ló ni iṣẹ́ náà, ₦36,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ní Sátidé kan, aago méje alẹ́ ti kọjá díẹ̀, ọkùnrin kan wá gba ₦90,000. Ó ní káàdì òun kò sí lọ́wọ́, òun á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Yorùbá ló ń bá mi sọ, ó ń pè mí ní ọmọ ìyá òun. Ó fi rísíìtì hàn mí lórí fóònù rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀. Fóònù tí alert ń wọ̀ sí wà lọ́wọ́ màdáámù mi ní Lugbe. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbé e, òde ìgbéyàwó ni wọ́n wà. Èrò ti tò sẹ́yìn, ọkùnrin náà ń pariwo pé mò ń fi òun ṣeré, ni mo bá ka owó fún un. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún màdáámù. Títí di òní, owó kò wọlé. Wọ́n ní àwọn ò ní san owó oṣù méjì fún mi, n óò sì tún wá ₦18,000 lé e. Wọ́n ti gba fóònù mi dání, fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń kọ èyí. Wọ́n ní tí mo bá sá, ọlọ́pàá á mú àǹtí mi tó dúró fún mi. Ẹnì kan tún ní owó oṣù mi gan-an kò bá òfin mu. Ṣé èmi ni mo jẹ gbèsè yìí?"

Àbúrò mi, ìbéèrè kan ṣoṣo lo rò pé o bi mí, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni owó náà kò wọlé, ta ló fà á, ṣé ọ̀gá lè dá gé owó oṣù èèyàn, àti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ sọ sí ọ létí lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni kò jẹ́ kí o mọ ibi tí wàá ti dì í mú. Kí n tó tú u, jẹ́ kí o mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ṣiṣẹ́ báǹkì fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ka tí a ti ń wá owó tó há sáàárín báǹkì kan àti èkejì ni mo wà. Nígbà tí mo kúrò, mo dá POS tèmi sílẹ̀, mẹ́ta ló wà báyìí, méjì ní Nyanya, ọ̀kan ní Mararaba. Ọ̀gá lèmi náà. Tí mo bá sọ ohun tó máa dun àwọn ọ̀gá nísàlẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ bó ṣe ń dunni. Bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ẹnu rẹ nìkan ni mo gbọ́, màdáámù rẹ lè ní tiwọn tí wọ́n máa sọ.

Owó náà fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé owó kò wọlé, ohun tó máa ń sáré sí lẹ́nu ni pé alert ayédèrú ni. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ní app tó ń ya àwòrán rísíìtì tó jọ ti báǹkì délẹ̀délẹ̀, orúkọ, àmì báǹkì, àwọ̀ ewé tó ń tàn pé ó ti yọrí. Ní ti irú ìyẹn, kò sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò níbì kankan, báǹkì kò sì ní ohun tó máa wá. Ṣùgbọ́n irú kejì tún wà: owó ti kúrò ní àkáǹtì ẹni tó fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ó wá há sọ́nà. Ó lè wọlé lẹ́yìn wákàtí kan, ó lè di ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Rísíìtì méjèèjì yìí, lójú ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní aago méje alẹ́, ìkan náà ni wọ́n. Wọn ò tíì sọ fún ọ èwo ni tìrẹ, wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2011 ni NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì wa pọ̀, ti ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, gbogbo owó tó bá sì gba ojú ọ̀nà yẹn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní session ID. Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà náà, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti àkókò: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, méjì-méjì. Ká ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2026 ni, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ alẹ́, wàá rí 2603141908 lẹ́yìn mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn, kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó tẹ̀ lé e. Méjìlá tó kù ni ti owó náà nìkan. Mo ti rí rísíìtì ayédèrú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ti rí èyí tí wákàtí inú rẹ̀ jẹ́ aago mẹ́ta òru nígbà tí kọ́sítọ́mà dúró síwájú wa lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn nìkan dájọ́. Gbájúẹ̀ tó gbọ́n lè to nọ́ńbà rẹ̀ pé, àwọn app mìíràn kì í sì í fi session ID sí ojú rísíìtì àfi tí èèyàn bá tẹ ibi tó wà. Báǹkì tó yẹ kí owó wọ̀ sí ló lè fi nọ́ńbà yẹn wo ìwé rẹ̀, kí ó sọ bóyá owó kankan wà lójú ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tí èmi fúnra mi ṣe ní 2023. O máa rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, tí èèyàn ń fi owó ra owó, kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa di níná. Gbogbo ayé ya bo fífi owó ránṣẹ́, owó sì ń há sọ́nà káàkiri. Ọmọbìnrin kan láti Ìlọrin ló ń jókòó sí tèmi ní Nyanya. Ó fún obìnrin kan ní ₦40,000, alert kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pẹ̀lú ojú mi pé wọ́n yọ ọ́ lára owó obìnrin yẹn." Èmi tí mo lo ọdún mọ́kànlá nínú wíwá owó tó há, mi ò wá a. Inú ń bí mi, ojú owó sì ń pọ́n mi. Mo gé ₦20,000 ní ìparí oṣù kejì, mo ní ìyókù di oṣù tó ń bọ̀. Kò dúró de oṣù tó ń bọ̀, ó ti padà sí Ìlọrin. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí owó náà há, mo jókòó, mò ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ni fóònù bá dún: ₦40,000, pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà. Àkàrà ọ̀hún kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Mo fi ₦20,000 rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tó fi dá mi lóhùn kò ju, "Mo ti rí i, sà." Mi ò tíì rí ẹni tó ń ka owó tó mọ́ bíi tirẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ẹ̀bi tìrẹ wà, mi ò ní fi ọ̀rá bò ó. Rísíìtì kọ́sítọ́mà kì í ṣe owó, alert gan-an kì í ṣe owó, torí ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n kọ ránṣẹ́, wọ́n sì lè kọ ọ́ ní orúkọ báǹkì. Owó tó wà nínú àkáǹtì ni owó. Tí ọwọ́ rẹ kò bá lè dé ibi tí wàá ti rí i, kí o sọ fún ọkùnrin náà pé kó dúró, tàbí kó lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ó pariwo, èrò tò, ó ní ọmọ ìyá rẹ lòun. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí níbí. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń bi ọ́ pé "Akwai kuɗi?", ìyẹn "Ṣé owó wà?", o ti ń fi Hausa tí kò pé dáhùn, ẹnì kan wá dé tó ń sọ èdè ìyá rẹ, ara rẹ á balẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ mọ ìyẹn jù ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: kí ni o ní lọ́wọ́ láti fi mọ̀ bóyá owó wọlé? Kò sí. Fóònù wà ní Lugbe, ìwọ wà ní Dutse. Ẹni tó gbé ojú ọjà lọ sí Lugbe kò lè padà wá bi ẹni tó fi síbẹ̀ pé kí ló dé tí kò ríran. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rù ń ba àwa ọ̀gá pé tí ọmọ iṣẹ́ bá rí inú àkáǹtì, ó máa mọ iye tí a ní, ó lè fi owó náà ránṣẹ́ síbòmíràn. Òótọ́ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ojúgbà mi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS òde òní ló ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀: owó tó bá wọlé, ẹ̀rọ náà á sọ ọ́ lójú ẹni tó jókòó tì í, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ síta lórí bébà, láìjẹ́ pé ọmọ náà lè fọwọ́ kan owó ọ̀gá tó kù. Ọ̀gá tí kò ṣe èyí ti yàn láti máa ta ọjà nínú òkùnkùn, ewu òkùnkùn náà sì di apá kan òwò rẹ̀. Ìwọ tó ń gba ₦36,000, yálà ọjà tà tàbí kò tà, o kì í bá wọn pín èrè. Báwo ni àdánù ṣe wá di tìrẹ nìkan?

Kí n sọ ti màdáámù náà. Ká ní ₦200 lẹ ń gbà lórí ₦10,000. Kí ₦90,000 tó padà wá látinú èrè, ó gba kí èèyàn 450 wá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá, a ò sì tíì yọ ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ń yọ, owó ibùjókòó, àti owó oṣù ìwọ alára. Ó ṣeé ṣe kí owó yẹn jẹ́ èyí tí wọ́n yá. Tí wọ́n bá ń pariwo, kì í ṣe ìkà ló fà á dandan. Má lọ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kékeré ló ṣẹlẹ̀.

Lórí òfin, èmi kì í ṣe lọ́yà, ohun tó wà nínú ìwé ni màá sọ. Abala karùn-ún Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, kò fàyè gba kí ọ̀gá kan ṣàdédé máa gé owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí àdánù. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fa àdánù, ọ̀gá lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Abala yẹn kan náà tún sọ pé ohun yòówù tí wọ́n bá ń yọ, àròpọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦36,000 jẹ́ ₦12,000. Nítorí náà, ká tiẹ̀ sọ pé ẹ̀bi rẹ ni látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ, oṣù méje ààbọ̀ ni yóò gbà kí ₦90,000 tó pé. Pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé odindi oṣù méjì, kò sí níbẹ̀. Òfin náà tún ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò ní, àwọn tó jókòó sí tèmi náà kò ní in títí di ọdún tó kọjá.

Ti owó oṣù, ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ gbọ́ apá kan. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Mo gbà pé òṣìṣẹ́ màdáámù rẹ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òfin yẹn kò mú wọn. Ó kéré, mo gbà, àmọ́ má gbé e wọnú ẹjọ́ yìí.

Ti ọlọ́pàá ni kò yẹ kó dí ọ lójú oorun. ACJA ti 2015, òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tó múlẹ̀ ní Àbújá níbí, sọ ní abala keje pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Abala kẹjọ ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Àǹtí rẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé òun dúró fún ọ lè rí ẹjọ́ owó, kì í ṣe àtìmọ́lé. Àmọ́ gbọ́ eléyìí dáadáa: tí o bá sá, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Màdáámù á sọ pé o jí owó gbé ni, olè jíjà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè mọ́, ọlọ́pàá lè wá ọ. Mo mọ̀ pé sísá wà lọ́kàn rẹ, torí ìwọ fúnra rẹ lo dárúkọ rẹ̀. Má ṣe é.

Ohun mẹ́ta ló kù, kò sì sí èyí tó dùn nínú wọn. O lè dákẹ́ kí o san gbogbo rẹ̀, kí àlàáfíà jọba láàárín àǹtí rẹ àti ọ̀rẹ́ wọn. Oṣù méjì láìgbowó ní Àbújá, mi ò mọ ohun tí wàá fi wọ kèké débi iṣẹ́. O lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ní Federal Secretariat, tàbí sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà, torí owó tó ń wọlé fún èèyàn ni wọ́n fi ń wò ó, tìrẹ sì kéré sí ₦70,000. O lè borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, iṣẹ́ náà á sì ti bọ́ kí ó tó parí. Èyí tí èmi máa ṣe ni kí o sọ fún àǹtí rẹ pé kí wọ́n pè ọ́ àti màdáámù jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kúnlẹ̀, bẹ̀ wọ́n fún apá tìrẹ, kí o sì sọ iye tí o lè rù. Lójú tèmi, ₦30,000 tó ọ, ₦6,000 lóṣù fún oṣù márùn-ún, kí wọ́n san ìyókù owó oṣù rẹ fún ọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ni mo sọ, kì í ṣe ìdajì, nítorí pé o pè lẹ́ẹ̀mejì, o ya fọ́tò, o sì jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí owó náà bá wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n máa dá tìrẹ padà. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, o kò ní san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá fi ránṣẹ́, àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá rí i pé ó wọlé. Wọ́n lè kọ̀. Ọmọ iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá jẹ́ kí àǹtí dárúkọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù tí òfin sọ. Ó sàn kó ti ẹnu wọn jáde ju kó ti ẹnu rẹ jáde lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn dúró. Fóònù rẹ ni kí o kọ́kọ́ béèrè, lónìí. Kì í ṣe torí pé tìrẹ ni nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ òfin tó ní kí ọ̀gá máa gba fóònù èèyàn dání fún gbèsè. Fọ́tò rísíìtì náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì ní, inú fóònù tó wà lọ́wọ́ màdáámù ló wà, ó sì ṣeé ṣe kí fóònù náà ti kú torí kò sẹ́ni tó fi í sí iná. Sọ fún wọn pé o ò fẹ́ gbé e lọ, kí ẹ jọ tàn án. Ẹ wá fọ́tò náà, kí o máa ka nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ ọ́. Tó bá pé ọgbọ̀n, tí ọjọ́ àti wákàtí inú rẹ̀ sì bá Sátidé yẹn mu, kí wọ́n gbé e lọ sí báǹkì wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ owó oṣù. Tí kò bá pé, ẹ ti mọ irú ọmọ ìyá tí ó jẹ́.